Wíwá Ilé Gbé ní Ìkòròdú: Kí A Kọ́kọ́ Mọ Ẹni Tí Ìnira Rẹ̀ Yóò Já Lé Lórí

Kò sí ilé àyágbé kan ní Ìkòròdú tí kò ní ibi tí ó kù sí. Èyí tí ó sún mọ́ títì, owó rẹ̀ ga. Èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọ̀nà rẹ̀ lè má ṣe é gbà nígbà òjò. Ẹni tí ó bá ń wá ilé kò ní ṣàì gba àbùkù kan mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé tí ń múra àtikó fi sọ́kàn ni pé àbùkù ilé kì í pín dọ́gba láàrin àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bí omi bá jìnnà, ẹni tí ń pọn ọ́n ni ọrùn ń ro. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹni tí ń jáde ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń wọ́ ẹrẹ̀. Bí iná kò bá sí, ẹni tí ń ránṣọ nínú ilé ni oníbàárà ń bínú sí. Ìtọ́ni yìí dá lé bí a ṣe lè rí àbùkù ilé kí a tó sanwó, àti bí a ṣe lè fẹnu kò lórí èyí tí a lè fara dà, láìjẹ́ pé a di gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ilé ná

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo àwọn tí yóò gbé inú ilé kí a tó pe ejẹ́ǹtì. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, baálé nìkan ni ó máa ń lọ wo ilé, tí yóò sì ti san àsansílẹ̀ kí ìyàwó tó fojú kan ilé ìdáná. N kò fara mọ́ àṣà yìí rárá, nítorí pé ẹni tí ó san owó ilé kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ń lo wákàtí tí ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀.

Ẹ pe gbogbo àgbà inú ilé jọ, títí kan ìyá tàbí bàbá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ yín àti ọmọ tí ó ti dàgbà tó láti pọnmi. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí òun kò lè fara dà. Ohun kan ni mo wí, nítorí pé ẹni tí ó bá ka ohun mẹ́wàá sílẹ̀ kò ní rí ilé tí ó bá owó ọwọ́ rẹ̀ mu. Ìyá tí eékún ń dùn lè sọ pé òun kò lè gun àtẹ̀gùn. Aboyún lè sọ pé òun kò lè bá ìdílé mẹ́ta pín ilé ìyàgbẹ́. Ọkọ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó lè sọ pé òun kò fẹ́ ibi tí òun yóò ti wọ kẹ̀kẹ́ méjì kí òun tó dé ibi tí ọkọ̀ gbé ń gbéra. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dárúkọ ni èèwọ̀ ilé tí ẹ ó wá. Gbogbo nǹkan yòókù, ìbáà ṣe táìlì, ìbáà ṣe ọ̀dà, ìbáà ṣe bí pálọ̀ ṣe tóbi tó, ẹ lè jọ dúnàá dúrà lórí rẹ̀.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé èèwọ̀ ẹni méjì ta ko ara wọn: ọkọ ń fẹ́ ẹ̀bá títì, ìyàwó ń fẹ́ ilé ìdáná tirẹ̀, owó tí ó wà nílẹ̀ kò sì ká méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè nígbà náà ni iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò bá ìnira náà pàdé lójúmọ́. Ẹni tí yóò bá a pàdé nígbà gbogbo tí ó bá fẹ́ dáná ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ ju ẹni tí yóò bá a pàdé nígbà tí ó bá ń jáde àti nígbà tí ó bá ń wọlé lọ. Bí ẹnì kan bá sì gbà láti fara mọ́ ọn nítorí àwọn yòókù, ó yẹ kí ó rí nǹkan gbà padà. Ìyàwó tí ó gbà láti bá àwọn ará ilé pín ilé ìdáná kan kí ọkọ lè tètè dé ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tún jẹ́ ẹni tí yóò máa dá pọnmi. Kí ọkọ àti àwọn ọmọ gba ti omi ṣe, kí wọ́n sì fi díẹ̀ lára owó ọkọ̀ tí wọ́n rí fi pa mọ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀

Ìkòròdú fẹ̀ ju bí àlejò ṣe rò lọ. Láti Ágíríìkì àti Òwútù tí ó wà ní ẹ̀bá títì márosẹ̀, títí kan Ìgbógbó, Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́, Odógunyàn, Gbẹ̀rígbẹ́ àti Ìmọ́tà, orúkọ Ìkòròdú kan náà ni ejẹ́ǹtì yóò máa pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a sì máa ń rí ni pé bí a bá ṣe ń kúrò létí títì wọ inú lọ ni owó ilé ń wálẹ̀, tí owó ọkọ̀ sì ń gòkè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi owó ilé nìkan wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní ilé tí ó wà nínú fi ₦150,000 dín sí ti ẹ̀bá títì lọ́dún, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ yóò san ₦400 fún kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ó tó dé títì, tí yóò sì san ₦400 padà. ₦800 lójúmọ́ nìyẹn. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ó di ₦17,600. Fún oṣù 12, ó di ₦211,200. Ilé tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú ti wọ́n ju èkejì lọ kí ọmọ kankan tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé. Bí ẹni méjì bá ń jáde, ó di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nínú àdúgbò náà ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tàbí tí ẹ jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé, ilé inú lọ́hùn-ún lè jẹ́ èrè gidi fún yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjìnnà rẹ̀ sí títì dẹ́rù bà yín.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́ ní ọ̀nà méjì tí ó yẹ kí ó gbé yẹ̀ wò. Láti ọdún 2015 ni ojú ọ̀nà BRT, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, ti gùn láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú, nítorí náà ilé tí ẹsẹ̀ ti lè gbé èèyàn dé ibùdókọ̀ BRT yẹ ní ohun tí à ń fi owó díẹ̀ lé. Èkejì ni ọkọ̀ ojú omi tí ń gbéra ní Ẹ̀bútè, Ìpakodò, tí ó ń gba orí ọ̀sà lọ sí Erékùṣù Èkó. Ó máa ń yára, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Máìlì 12 àti Kẹtu, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti máa rìn lóru, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì máa ń pẹ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìpadàbọ̀.

Ẹ má ṣe wo ilé ní ọ̀sán Sátidé nìkan. Ẹ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní àkókò gan-an tí ẹ máa ń jáde, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ láti ẹnu géètì náà dé ibi iṣẹ́ yín. Ẹ tún lọ lálẹ́, kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà ní òpópónà, bóyá kẹ̀kẹ́ ṣì ń wọlé, àti agogo tí wọ́n ń ti géètì àdúgbò.

Omi òjò, omi ọ̀sà àti omi mímu

Bí ó bá ṣe pé ohun kan péré ni ẹ ó yẹ̀ wò dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ omi. Àwọn tí ń wá ilé ní apá Májídùn, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò tí ó sún mọ́ Odò Ògùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òjò tí ó rọ̀ sórí àdúgbò nìkan ni ó ń mú omi wọlé. Bí omi bá kún ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn alákòóso rẹ̀ a máa tú lára rẹ̀ sílẹ̀, omi náà a sì gba Odò Ògùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí ọ̀sà. Nítorí èyí, omi lè gun ilé ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá ní ọjọ́ tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Ilé tí ẹ wò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú, kò tíì sọ òtítọ́ ara rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n ó ní àwọn àmì tí kì í parẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, nínú àti lóde, bóyá ìlà omi wà níbẹ̀, tàbí bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà tuntun tí kò kọjá orúnkún. Ẹ wo ìsàlẹ̀ géètì bóyá ó ti dípẹtà ju òkè rẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ará àdúgbò: níbi tí gbogbo ilé bá ti fi símẹ́ǹtì ṣe ìdènà gíga sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń dènà bí kò ṣe omi. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá màmá tí ń ta àkàrà tàbí ata ní kọ̀rọ̀ òpópónà, kí ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: “Ẹ kú ọjà o, Mà. A fẹ́ kó wá sí àdúgbò yín ni. Báwo ni ibí ṣe máa ń rí bí òjò bá rọ̀ mọ́jú?” Ìdáhùn wọn ṣe é gbọ́kàn lé ju ti ejẹ́ǹtì lọ, nítorí pé kò sí owó kankan tí wọn yóò rí gbà bí ẹ bá gba ilé náà.

Ní ti omi lílò, ẹ béèrè bóyá kànga ẹ̀rọ wà nínú ọgbà, iye ìdílé tí ń lò ó, àti ẹni tí ń ra epo sí ẹ̀rọ tí ń fa omi nígbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ tún yẹ omi náà wò. Omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ a máa mọ́ gaara nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, yóò pọ́n, nǹkan bí ìyẹ̀fun pupa yóò sì silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ike tí ó mọ́, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì wò ó. Omi bẹ́ẹ̀ ṣe é wẹ̀, àmọ́ yóò pọ́n aṣọ funfun, ẹni tí ń fọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ni ìyà rẹ̀ yóò sì jẹ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ilé náà, ẹ ka owó omi tí ẹ ó máa rà mọ́ owó ilé.

Ẹ má gbàgbé láti béèrè bí sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ ń lọ, ṣe jìnnà sí kànga tó. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fúnni ni pé kí kànga jìnnà sí i tó mítà 30. Lórí púlọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 sí 120, ó ṣòro láti rí àyè bẹ́ẹ̀ àfi bí ọ̀kan bá wà níwájú pátápátá tí èkejì sì wà lẹ́yìn pátápátá, sọ́kàwéè ará ẹ̀yìnkùlé sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tiyín. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí omi kànga jẹ́ ti ìfọṣọ àti ìwẹ̀, kí ẹ sì máa se èyí tí ẹ ó bá mu.

Iná

Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbìn, tí wọ́n ṣe láti lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní agbègbè Ìjẹ̀dẹ́, àwọn ejẹ́ǹtì kan sì máa ń fi èyí polówó ilé. Kò túmọ̀ sí pé iná yóò máa wà lọ́dọ̀ yín. Iná tí ó bá jáde láti Ẹ̀gbìn, orí wáyà gbogboogbò orílẹ̀-èdè ni ó ń lọ, kí ilé iṣẹ́ apínná tó pín in padà. Ohun tí ó kàn yín ni ìpele tí wáyà àdúgbò náà wà. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ìpele A títí dé E: ìpele A yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, D fún 8, E fún 4, tí C sì wà láàrin pẹ̀lú 12. Owó ìpele A gbé pẹ́ẹ́lí ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹni tí ń ta omi tútù tàbí tí ń fi ẹ̀rọ ránṣọ nínú ilé lè rí èrè nínú ìpele A. Ìdílé tí gbogbo wọn ń jáde ní òwúrọ̀ tí wọn kì í padà títí di alẹ́ lè fara mọ́ èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rí i dájú pé yàrá tàbí fúláàtì yín ní mítà tirẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí mítà, tí àwọn ará ilé sì jọ ń dá owó bíìlì kan, ìjà kì í tán níbẹ̀. Bí mítà bá wà, ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì iná tí wọ́n rà kẹ́yìn hàn yín, nítorí pé gbèsè ayálégbé tí ó kó lọ lè wà lórí mítà náà, wọn yóò sì máa yọ ọ́ lára owó tí ẹ bá san.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ iná bá ti délẹ̀, ti jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wo ibi tí àwọn ará ilé ń gbé tiwọn sí. Gáàsì tí ń pani nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Bí ibi tí wọ́n ń gbé e sí bá kọjú sí fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ yóò máa sùn, tí onílé kò sì gbà kí wọ́n gbé e kúrò, ẹ wá ilé mìíràn. Èyí nìkan ni n kò rò pé ó yẹ kí ìdílé kankan dúnàá dúrà lé lórí.

Inú ilé

Ẹ wo fèrèsé kí ẹ tó wo táìlì. Yàrá tí ó ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjì yóò fẹ́ atẹ́gùn. Èyí tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo bá dojú kọ fẹ́ǹsì yóò móoru lálẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ fọn omi sí ilé ìyàgbẹ́, ẹ wo àjà bóyá omi ti pọ́n ọn.

Ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ kì í ṣe ohun ìtìjú, ó sì ní àǹfààní fún ẹni tí ó ní ọmọ kékeré tí ojú púpọ̀ yóò máa bá a wò ó. Ohun tí ẹ ó béèrè ni iye ìdílé tí ń lo ilé ìwẹ̀ kan, àti bí wọ́n ṣe pín gbígbá àti fífọ̀ rẹ̀. Bí onílé bá ń gbé inú ọgbà náà, nǹkan tí ó bá bàjẹ́ a máa tètè di títúnṣe, ṣùgbọ́n òfin wọn lórí àlejò àti agogo tí wọ́n ń ti géètì ni ẹ ó máa tẹ̀ lé. Ẹ tọ bàbá tàbí màmá onílé lọ fúnra yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè àwọn òfin náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè pẹ̀lú iye tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà fún ọlọ́dẹ, fún ọ̀nà àti fún tiransífọ́mà. Nínú ìlú Ìkòròdú gan-an, ó ní ọjọ́ Orò tí àwọn obìnrin kì í jáde; wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ó sì yẹ kí obìnrin tí ń lọ síbi iṣẹ́ mọ àdúgbò tí ó kàn, kí ó lè tètè ṣètò ara rẹ̀.

Owó àti ìwé

Iye tí ejẹ́ǹtì kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí ẹ ó san. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦500,000, tí ti ejẹ́ǹtì, ti àgírímẹ́ǹtì àti ti kọ́ṣọ̀n (owó tí onílé ń dì mú nítorí ohun tí ayálégbé lè bà jẹ́) bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó san ₦650,000 kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ béèrè àpapọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá kọ́ṣọ̀n náà yóò padà sọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kó jáde.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2011, yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Ìkòròdú. Ó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó san án ni òfin sì bá wí. Ó pàṣẹ pé kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ní kí ó kó jáde. Bí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀, Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ má san owó ilé sínú àpò ejẹ́ǹtì bí ẹ kò bá tíì bá onílé sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àwọn oníjìbìtì kan a máa gba owó yàrá kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ bi àwọn ayálégbé tí ó wà níbẹ̀ pé ta ni àwọn ń san owó fún, kí ẹ sì fi orúkọ náà wé èyí tí ó wà lórí àgírímẹ́ǹtì.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹrù tó wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri, àjà, ilẹ̀kùn àti ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ó wà lójú mítà sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ̀yin àti onílé jọ fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan. Nínú ìwé kan náà ni kí ẹ kọ àtúnṣe tí onílé ṣèlérí sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ní òun yóò ṣe é, kí ẹ sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.